Ọdún Tí Ìgbátí Màmá Ń Pẹ́ Lọ́nà

Ìgbátí Màmá wa kì í rán oníṣẹ́ ṣáájú. Àwọn ìyá yòókù ládùúgbò, wọ́n á kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ, wọ́n á tún un pè pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n á máa wá bàtà kiri, wọ́n á ní "Màá kà dé ẹẹ́ta o!" Kí wọ́n tó ka eéjì, ọmọ ti dé ojú títì. Màmá ò nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni wọ́n. Wọ́n lè jókòó sídìí máṣíìnì wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, kí ẹsẹ̀ wọn máa tẹ̀ ẹ́, kí abẹ́rẹ́ máa ké tàkàtàkàtàkà, kí òwú wà lẹ́nu wọn, kí ojú wọn lẹ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà. Ìwọ ṣáà na ọwọ́ sí páálí bisikíìtì tó wà lẹ́yìn wọn. Gbà! Ọwọ́ ti dé, ọwọ́ ti padà sídìí aṣọ, abẹ́rẹ́ ò tíì dákẹ́. Àwa mẹ́ta ni wọ́n bí: Délé, ọmọ ọdún méjìlá, èmi Mosún, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti Wálé, ọmọ ọdún márùn-ún tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ níkùn rẹ̀. Délé ló sọ fún wa pé ọwọ́ Màmá ní ojú tirẹ̀ lọ́tọ̀, pé kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ orí kó tó jáde. A gbà á gbọ́. Lónìí tí mo ti dàgbà, tí mo sì ti ka ìwé díẹ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan, mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn ń gbàṣẹ lọ́wọ́ orí dáadáa, àṣẹ náà ló máa ń yára ju ojú ọmọdé lọ.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Màmá, ń bá wa gbé, nítorí Abùjá ni bàbá wa ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ni wọ́n sì máa ń wálé. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni Ìyá Àgbà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìró omi àlùwàlá wọn la ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀, tó jẹ́ iṣẹ́ tèmi, lẹ́yìn náà Délé tó ń fa omi kànga tó sì ń kùn bí ẹni pé òun ló gbẹ́ kànga náà. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni sílípáàsì Màmá: pá, pá, pá, pá, láti yàrá dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé ìdí máṣíìnì. Mo lè di ojú lórí ẹní kí n sì mọ ibi tí ilé dé. Bí sílípáàsì bá ń lọ wẹ́rẹ́, a lè parọ́ oorun sí i. Bó bá yára, ẹ̀wà ti ń jóná, kí olúkúlùkù wá iṣẹ́ kan dì mú. Títí di òní, bí mo bá wà nílé ẹlòmíràn tí mo gbọ́ sílípáàsì tó ń yára bọ̀, ọwọ́ mi á kàn ṣàdéédé máa wá ìgbálẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú kan ni nǹkan kọ́kọ́ yí padà. Màmá ń se ọbẹ̀, ẹran tí Ìyá Àgbà rà bọ̀ láti Sábó sì ń hó nínú rẹ̀ pẹ̀lú òórùn tó lè mú ẹni tó ń gbààwẹ̀ sọkún. Délé yọ́ wọlé, ó fa ẹran kan yọ, ó sì di ojú méjèèjì, nítorí òun náà mọ ohun tó kàn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó la ojú kan. Ó rí ọwọ́ Màmá lókè, tó ń bọ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Délé tẹ orí ba, ọwọ́ sì kọjá, ó lọ gbá férémù ilẹ̀kùn. Màmá dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Délé sáré bá wa lẹ́yìn balùwẹ̀, ẹran ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ń kán sí i láyà.

"Mo rí i!" ló wí.

"O rí kí ni?"

"Ìgbátí! Mo rí i tó ń bọ̀!"

Èmi àti Wálé la ẹnu. Kò sẹ́ni tó rí i rí nínú ilé wa, a kàn máa ń mọ̀ pé ó ti kọjá ni. Délé fi ẹran náà bura, ó sì gé e fún wa jẹ. Bí òmìnira wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti mú bisikíìtì, Wálé ti fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ ya ẹṣin sára ògiri, Délé sì ti ń fọ èsì fún Màmá bí ọkùnrin tó ní ilé tirẹ̀. Ìgbátí ń jáde, a ń tẹ orí ba, ó ń kọjá. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń yá lò. Tiwa ò tilẹ̀ dilẹ̀, èṣù ló ń tò sẹ́yìn de ìgbà tí a máa ráyè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbátí nìkan ló ń pẹ́. Òwú ò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, Màmá á tọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n á tì í, á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Wọ́n ní àwọn ń rí abẹ́rẹ́ méjì. Wọ́n rán apá aṣọ ìyá kan mọ́ ibi ọrùn, obìnrin náà sì gbé e wò, ó ní, "Ìyá Délé, níbo ni kí n gbé orí gbà?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Sílípáàsì náà ò wá ké pá, pá mọ́. Ó di pá, ṣìì, pá, ṣìì, ẹsẹ̀ kan ń gbé, ẹ̀kejì ń wọ́. Ní òwúrọ̀ kan a ò gbọ́ pá, a ò gbọ́ ṣìì. Màmá jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ò dáhùn. Ìyá Àgbà fi ìborùn gbàjá, wọ́n pe takisí, wọ́n sì mú èmi náà lọ nítorí pé èmi ni mo lè ka ohun tí wọ́n bá kọ sára ilẹ̀kùn. Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn ńlá nìyẹn.

Wọ́n gbé orí Màmá sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán, wọ́n fa omi sí wọn lára, oorun sì gbé wọn lọ. Dókítà tó tọ́jú wọn ṣì kéré lọ́jọ́ orí, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, ó jókòó ti Ìyá Àgbà, ó ṣàlàyé fún wọn ní Yorùbá, mo sì wà níbẹ̀.

"Màmá, ọpọlọ ló ń rán iṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Iṣan ló ń gbé iṣẹ́ náà lọ. Ara iṣan yẹn, ọ̀rá ló bò ó. Ọ̀rá yẹn ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ tètè dé. Ọ̀rá náà ló ti ń ya lára ti ọmọ yín. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi ń pẹ́ lọ́nà."

"Ọ̀rá?" Ìyá Àgbà bi í.

"Ọ̀rá ni, Màmá."

"Nínú ara ènìyàn?"

"Nínú ara gbogbo wa."

Ìyá Àgbà mirí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà fún irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí dókítà ń sọ. Ó ń sọ nípa ọ̀rá tó ń yọ́ lójú iná, irú èyí tó máa ń wà lára ẹran. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún obìnrin kan nílé wa pé kó bá ọ mú ọ̀rá wá, kò ní lọ bá alápatà. Á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á béèrè bóyá dúdú lo fẹ́ tàbí funfun. Ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá omi, ọ̀rá tí a fi ń ra ata. Nínú takisí, Ìyá Àgbà ní, "Mosún, o ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run? Ó fi ọ̀rá wé iṣan bí mọ́ínmọ́ín." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo tilẹ̀ ń wo apá mi bóyá màá rí ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí à á ṣe bí iṣẹ́ bá jẹ́ tọmọ, tó wá di ti oníbúrẹ́dì kó tó délé.

Nígbà tí wọ́n dá Màmá sílẹ̀, Ìyá Àgbà ti palẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó ọ̀rá búrẹ́dì jọ lábẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a sórí okùn pẹ̀lú yẹ̀rì, adúgbò ń wò. Ọ̀rọ̀ wọn sì mọ́gbọ́n dání: bí ọ̀rá inú bá ya, ọ̀rá ìta ni à á fi dì í mú títí èyí tinú yóò fi san. Wọ́n wé e mọ́ Màmá lápá méjèèjì, láti ejìká dé ọrùn ọwọ́, wọ́n wé e mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n fi rọ́bà dè é. Súwẹ́tà ló wá lé e lórí kí atẹ́gùn má baà wọ ojú ibi tó ya, lẹ́yìn náà bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀sán, pẹ́pẹ́ súùpù gbígbóná, ata rẹ̀ ń ta ẹni tó wà ní yàrá kejì. Màmá ń làágùn bí ẹni tó ń gún iyán fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Mo bi wọ́n léèrè, níkọ̀kọ̀, kí ló dé tí wọ́n fi gbà.

"Ìyá mi ni," Màmá dáhùn. "Bí mo bá ní mi ò ṣe, wọ́n á rò pé mo ti sọ̀rètí nù. Bí wọ́n bá ní kí n wọ àpò sìmẹ́ńtì, Mosún, màá wọ̀ ọ́."

Fún àwa ọmọ, ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wá dára. Ìgbátí ń pẹ́, ó sì tún ti ń rán oníṣẹ́ ṣáájú! Bí Màmá bá yí ọwọ́ báyìí, ṣàràṣàrà! Bí wọ́n bá dìde, ṣàràṣàrà! Kí wọ́n tó gbé ìka kan, búrẹ́dì ti ké lára wọn, a ti dé ẹ̀yìnkùlé. Délé, tí kì í mọ nǹkan kan nílé ìwé, ṣe ìwádìí tó péye. Ó kíyè sí i pé ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí Màmá bá ti fi omi kànga wẹ̀ tí wọn ò sì tíì dì wọ́n, ọwọ́ náà ṣì ń gbìyànjú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dì wọ́n tán, tí pẹ́pẹ́ súùpù ti wọlé, tí oòrùn ti dé àárín òrùlé páànù wa, kò sí ewu. Ìgbà mìíràn ọwọ́ náà ò tilẹ̀ ní kúrò lórí itan. Nítorí náà ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké la máa ń dá láàárọ̀. Èyí tó bá wúwo, ó di ọ̀sán.

Ọ̀sán bẹ́ẹ̀ kan ni mo wà lábẹ́ fèrèsé yàrá, mo ń fi ìka kan lá mílíìkì oníyẹ̀fun, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá. Olè ni mo wá jà, mi ò wá gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Ìyá, bí ọwọ́ yìí ò bá padà ńkọ́?"

"Ọwọ́ á padà," Ìyá Àgbà dáhùn. "Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú."

"Abẹ́rẹ́ nìkan ni mo mọ̀ láyé mi. Àwọn oníbàárà ti ń wá kó aṣọ wọn, wọ́n á ní àwọn kàn fẹ́ yà kí mi ni. Àwọn ọmọ gan-an ti mọ̀. Ẹ ò rí Délé? Kì í tilẹ̀ sá mọ́. Mo gbé ọwọ́ lánàá, ó dúró, ó ń wò mí. Ó ń ṣàánú mi, Ìyá."

Mo gbọ́ ìró ọ̀rá, ṣàràṣàrà, mo sì mọ̀ pé ojú ni wọ́n ń nù. Mílíìkì náà lẹ̀ mọ́ mi lókè ẹnu, kò lọ, kò bọ̀. Títí di ìgbà yẹn mo rò pé eré ni gbogbo rẹ̀, pé lọ́jọ́ kan Màmá á kàn bọ́ gbogbo ọ̀rá yẹn, wọ́n á ní ó tó, wọ́n á sì gbá wa létí lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti yẹ. Mo lọ bá Délé lẹ́yìn balùwẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní òun ò ṣàánú ẹnikẹ́ni, pé oorun ló ń kun òun lánàá. Lẹ́yìn náà ó nu imú rẹ̀ sára ògiri, ó ní, "Ó dáa. Láti òní lọ, a ó máa sá. Bí ìgbátí bá jìnnà sí wa tó ibí sí Sábó, a ó sá."

Báyìí la bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ìgbátí bí ẹni ń dẹ òkété. Láàárọ̀, kí Ìyá Àgbà tó kó ọ̀rá dé, a ó lọ kí Màmá, a ó sì ṣàfojúdi díẹ̀. Délé á ní ọbẹ̀ àná ò dùn. Èmi á súfèé lójú wọn. Wálé, tí kò mọ àfojúdi kankan, á kàn lọ dúró níwájú wọn, á na ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ní, "Màmá, ẹ gbìyànjú." Bí ọwọ́ bá gbéra, bó ti wù kó pẹ́ tó, a ó pariwo "Yéè!" a ó sì fọ́n ká bí adìyẹ. Màmá máa ń wò wá pẹ̀lú ojú kan. Mo rò nígbà náà pé wọn ò fura. Èmi náà ti bímọ báyìí, ta ni mò ń tàn?

Oṣù ń lọ, ọwọ́ ò yá, ọ̀sán ò sì dára rárá. Ìgbà tí wọ́n ní kí Màmá padà wá kí wọ́n tún wò wọ́n, gbogbo ilé ló tẹ̀lé wọn, nítorí Ìyá Àgbà ní ẹ̀bẹ̀ ọmọdé máa ń wọ dókítà létí. Dókítà onírùngbọ̀n kékeré yẹn ní kí Màmá fi ìka kan imú. Ìka jáde, ó rìn kiri ojú, ó bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà kojú sí ìwé, ojú rẹ̀ ò dùn. Ó ní oògùn tó lò yẹ kó ti ràn wọ́n lọ́wọ́ jù báyìí lọ. Ó bi Màmá bóyá bó ṣe rí láàárọ̀ náà ló ń rí lọ́sàn-án.

Wálé ló dáhùn. "Láàárọ̀ ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí."

"Kí ló máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bà ọ́?"

"Ìgbátí. Ṣùgbọ́n tí Ìyá Àgbà bá ti dì wọ́n bí mọ́ínmọ́ín, kì í bà mí mọ́."

Délé tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Dókítà gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. "Dì wọ́n bí kí ni?"

Dókítà dìde, ó tọrọ àforíjì, ó ká apá súwẹ́tà Màmá sókè. Ṣàràṣàrà. Àwòrán ọmọ kékeré tó ń bu búrẹ́dì jẹ ló kọ́kọ́ jáde, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí dókítà, òógùn wà lábẹ́ rẹ̀ bí omi inú àgò. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ẹ̀yìn rìn jáde, a sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìta.

"Màmá," dókítà sọ fún Ìyá Àgbà, "ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Dókítà."

"Èmi?"

"Ẹ ní ọ̀rá ló bo iṣan, ẹ ní ó ti ya."

"Ọ̀rá ni mo ní, Màmá! Ọ̀rá bí ọ̀rá ara ẹran!"

Ìyá Àgbà dìde dúró. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé "ẹ" ni wọ́n máa ń pe dókítà náà tipẹ́. Bí Ìyá Àgbà bá ti bọ́ sórí "ìwọ," kí oníkálukú wá ibi dì mú. "Ìwọ ọmọ yìí, mo bi ọ́ léèrè. Mo ní, ọ̀rá? O ní, ọ̀rá ni. Ṣé o dárúkọ ẹran? Mosún, ó dárúkọ ẹran?"

"Kò dárúkọ ẹran," ni mo wí, nítorí òótọ́ ni, mo sì fẹ́ délé láyọ̀.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ara wọn fi ń ké ṣàràṣàrà, dókítà náà sì dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹjọ́ òun ni. Ó wá ṣàlàyé lọ́tun, lọ́tẹ̀ yìí ó ń wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá Wálé. Ó ní ooru kì í ya ọ̀rá iṣan sí i, ṣùgbọ́n níbi tó bá ti ya, ooru a máa dá iṣẹ́ dúró lójú ọ̀nà, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ jẹ́ kó kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán fi burú tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n bọ́ gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n máa fi omi tútù wẹ̀, kí wọ́n jókòó sí ibòji, kí wọ́n máa lo oògùn, kí pẹ́pẹ́ súùpù sì tutù díẹ̀. Ó ní ara ní aránṣọ tirẹ̀ nínú, tó máa ń lẹ ibi tó ya, bí wọ́n bá fún un láyè. Kò ní rí bí tuntun.

"Èmi náà mọ ìyẹn," ni Màmá wí. "Aṣọ tí a lẹ̀ ò lè jọ tuntun, ṣùgbọ́n ó ń bo ara."

Dókítà gbá Wálé lórí pẹ̀lẹ́. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀."

"Ìyẹn nìkan kọ́," ni Ìyá Àgbà kùn. "Wọ́n fi dá Modákẹ́kẹ́ náà."

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, dókítà sáré tẹ̀lé wa. "Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ohun tí mo sọ lọ ra ọ̀rá ẹran fún wọn o! Jíjẹ kọ́!" Ojú Ìyá Àgbà rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ti ní kí onítakisí gba Sábó kọjá.

Ọ̀rá tú kúrò lára Màmá lọ́jọ́ yẹn, a sì ń fi ra ata fún ìgbà pípẹ́, nítorí Ìyá Àgbà ò gbà kí a dà á nù. Omi tútù di iṣẹ́ Délé: korobá kan láàárọ̀, kan lọ́sàn-án, kò sì kùn mọ́. Ọyẹ́ dé, ó ràn wá lọ́wọ́. Màmá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ lọ́tun. Ó kọ̀, ó kọ̀, ọjọ́ kan ó gbà, ọjọ́ kejì ó tún kọ̀. Àwa náà ò sinmi. A ń dẹ ìgbátí wa láàárọ̀, a ń dẹ ẹ́ lọ́sàn-án, a ń sá bí a ti ṣèlérí, òfìfo la sì ń sá fún. Àwọn ọjọ́ kan wà tí àárẹ̀ mú mi tí mo rò nínú mi pé bóyá bí yóò ṣe rí láéláé nìyí, pé a ó kàn máa sá fún nǹkan tí kò ní dé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọyẹ́ ti lọ tán, ooru ti padà, ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú sì ni. Màmá ló ń se ọbẹ̀ fúnra wọn, ẹ̀yìn wọn sí ilẹ̀kùn. Ebi ń pa Délé, ó sì ti gbàgbé pé a ń dẹ nǹkan kan. Kò fẹ́ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹran ló fẹ́. Ó na ọwọ́ sínú ìkòkò.

Gbà!

Mi ò rí i. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú mi là, mo ń wò wọ́n, mi ò sì rí i. Ẹran bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ Màmá ti padà sídìí ọmọrí. Délé di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ojú rẹ̀ yípo, ẹnu rẹ̀ là láìsí ohùn, lẹ́yìn náà ló sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sí àárín ilé, ó ń fò, ó ń pariwo, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà! Ó bà mí! Ìyá Àgbà, ó bà mí!"

Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Délé mú, wọ́n wo àmì ìka tó wà níbẹ̀, wọ́n kà wọ́n pé. "Alihamudulilai!" Wálé bú sẹ́kún pé wọn ò fún òun. Nínú ilé ìdáná, Màmá ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan náà nu ojú, wọ́n gbé ojú ìyá tí mo mọ̀ látẹ̀yìnwá sókè, wọ́n sì ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì.

"Ta ló kàn?"

A sá. Délé tó ti gba tirẹ̀ náà sá, Wálé sá pẹ̀lú ẹkún, mo sá, mo ń rẹ́rìn-ín, a gba abẹ́ igi máńgòrò, a yí kànga po. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn wa: pá, pá, pá, ṣìì díẹ̀, pá, pá. Délé wo ẹ̀yìn, ó wò mí. A jọ dẹ ẹsẹ̀ wa díẹ̀, kí wọ́n lè bá wa.